Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ohun tí Òṣogbo Fi Kọ́ Wa Nípa Àtinúdá

Bí ọmọ kékeré bá sọ ọ̀rọ̀ tó ya àwọn àgbà lẹ́nu nínú ìpàdé ẹbí, ẹnì kan á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀." Gbogbo ilé á ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni àgbà tó wà nídìí ọ̀rọ̀ á ṣe ohun tó ti pinnu láti ṣe kí ọmọ náà tó la ẹnu. A ti sọ òwe náà di oríyìn tí a fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹni tó bá tẹ́tí sí i dáadáa á rí i pé bí a ṣe tẹ ìlú dó ni òwe yìí ń sọ. Kò ní àgbà ló dá Ifẹ̀ tí ọmọdé wá ń pàtẹ́wọ́. Kò sì ní ọmọdé ló dá a tí àgbà wá ń súre. Ọgbọ́n méjèèjì ló wọ inú ìpìlẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀kan, kò sí ìlú.

Mo fẹ́ mú òwe yìí lọ sí Òṣogbo, torí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1962 sí 1966 tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kó ènìyàn jọ ṣiṣẹ́ mọ̀ dáadáa, ìbáà jẹ́ ọ́fíìsì, ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹgbẹ́ eléré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ àwọn ayàwòrán tó ti ibẹ̀ jáde. Ohun tí a kì í sábà sọ ni irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó di ayàwòrán, àti irú ọwọ́ tí a fi mú wọn.

Dúró Ládípọ̀ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ oníwàásù ni, ó ti ṣe olùkọ́, orin sì wà lára rẹ̀. Ó gbé ìlù Yorùbá wọ inú orin Ọdún Àjíǹde tó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ ò sì fẹ́ ẹ. Wọn ò ní ọmọ náà ò mọ orin í kọ o. Ìlù ni wọn ò fẹ́. Ó gbé orin rẹ̀ jáde kúrò níbẹ̀. Ó ní ilé ọtí kan nígboro Òṣogbo nígbà náà, Ulli Beier, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn àgbà ní yunifásítì Ìbàdàn, sì ń gbé ìlú kan náà. Ní 1961, Beier àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti Christopher Okigbo ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962, òun àti Ládípọ̀ sọ ilé ọtí Òṣogbo di irú ibi bẹ́ẹ̀, ibi tí a ti ń ṣeré, tí a ti ń fi àwòrán hàn. Mbárí Mbáyọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín méjèèjì. Àwọn tó ti kàwé ló pọ̀ ní ti Ìbàdàn. Ti Òṣogbo kọjú sí títì. Ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà lè yà wọlé, ọmọdé lè dúró lẹ́nu ọ̀nà máa wòran, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá olórí pípé, tó sì jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nìkan ló dúró sí, àwọn tí gbogbo ènìyàn ti rí tẹ́lẹ̀ ló máa rí.

Ta ni wọ́n wá rí? Múráínà Oyèlámí, ọmọ Ìràgbìjí, ti ń ta epo ní ilé epo rí. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eléré Ládípọ̀. Alágbẹ̀dẹ ni Àṣírù Ọlátúndé, bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ òde òní á pè ní ẹni tó ní ẹ̀bùn àtinúdá.

Ti Táíwò Ọláníyì ló dùn mọ́ mi jù. Ọmọ Ògìdì ni, ní ìpínlẹ̀ Kogí òde òní. Ó ní ìbejì ni ìyá òun bí léraléra nígbà méje, òun nìkan ló kù nínú gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tó fi pe ara rẹ̀ ní Twins Seven-Seven. Ijó ló ń jó kiri fún oníṣòwò kan tó ń polówó oògùn láti ìlú dé ìlú. Ní 1964, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé òde ijó kan ní Mbárí Mbáyọ̀. Ó wọ aṣọ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni, ó ń jó ijó tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ènìyàn mìíràn á ti wò ó pé aláṣejù lèyí. Beier ní kí ó dúró, Ládípọ̀ sì wá àyè fún un nínú ẹgbẹ́ eléré. Kò pẹ́ tí ó fi mú kálámù àti ọ̀dà, ni àwọn iwin, àwọn ẹranko abàmì àti àwọn igbó kìjikìji bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lórí ìwé. Ní 2005, UNESCO sọ ọ́ di Ayàwòrán fún Àlàáfíà. Ó kú ní Ìbàdàn ní 2011. Bí Ládípọ̀ bá ti sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé, "Oníjó la ní, a ò wá oníjó mọ́," oníjó olóògùn ni ì bá jẹ́ títí.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò gùn. Denis Williams, ọmọ Guyana, ló kọ́kọ́ darí rẹ̀ ní 1962. Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tibẹ̀ yọjú. Ní 1964, Georgina Beier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, gba ipò Williams, ibẹ̀ ni Oyèlámí, Bùráímọ̀, Seven-Seven àti Adébísí Fábùnmi ti jáde. Ẹnikẹ́ni ló lè wá. Ọ̀dà wà, pákó wà, ìwé wà. Kò sí àwòrán kan níwájú tí wọ́n ní kí gbogbo wọn máa dà kọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí nìyí. Georgina ò kọ́ wọn pé báyìí ni a ṣe ń ya ojú, báyìí ni a ṣe ń ya igi. Ó ń wò wọ́n ni. Bí ẹnì kan bá ń ya ohun tó ti rí níbòmíràn, kò sọ púpọ̀. Ọjọ́ tí ohun kan bá yọ tó jẹ́ ti ẹni náà gan-an, ọjọ́ yẹn ló máa ní kí ó tẹ̀lé e. Abájọ tí iṣẹ́ wọn ò fi jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bùráímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlẹ̀kẹ̀ sórí àwòrán, iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ adé ọba látọjọ́ tó ti pẹ́, ó wá sọ ọ́ di ohun tí a ń gbé kọ́ ara ògiri. Fábùnmi ń fi òwú ṣe àwòrán. Oyèlámí fẹ́ràn ojú ènìyàn àti ilé tó para pọ̀. Ẹgbẹ́ kan ni wọ́n, síbẹ̀ kò sí ẹni tó di òjìji ẹnìkejì. Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, wọn ò sì tú wọn ká. Wọ́n rí ibi tí wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́, wọ́n rí ọ̀nà tí wọ́n á gbà tà á, Georgina sì wà nítòsí wọn fún bí ọdún méjì sí i. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lónìí ń ṣe ìpàdé ìmọ̀ràn ọlọ́jọ́ kan, wọ́n á kọ èrò sára pátákó, wọ́n á jẹun, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Àtinúdá kì í hù láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí padà sílé, wọn ò di ayàwòrán. Kò sí aburú níbẹ̀. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn ò ṣèlérí pé gbogbo wọn ló máa jókòó. Àwọn ayàwòrán kan tó gba oyè ní yunifásítì bẹnu àtẹ́ lu àwọn ará Òṣogbo pé wọn ò kọ́ṣẹ́ dé ojú ààmì, pé òyìnbó ló ń tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìwọ̀n òtítọ́ tirẹ̀, torí pé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ ń ra púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n òyìnbó kọ́ ló fi iwin sínú orí Seven-Seven.

Níbo wá ni ọgbọ́n àgbà wà nínú gbogbo èyí? Ó wà nínú Ọba Kò So. Nígbà tí Ládípọ̀ gbé eré náà jáde ní 1963, kò jókòó máa hùmọ̀ láti inú òfìfo. Ó lọ bá ìtàn Ọ̀yọ́, ó lọ bá oríkì Ṣàngó, bàtá àti dùndún, ọgbọ́n tí àwọn onílù àti àwọn adósù ti ń tọ́jú láti ìrandíran. Ó wá fi ojú ọ̀dọ́ tó mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì àti ìtàgé òde òní tò ó. Eré náà dé Berlin ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Àgbà nìkan ì bá fi í sínú ọdún Ṣàngó. Ọmọdé nìkan ì bá kọ orin tí kò ní gbòǹgbò. Bákan náà ló rí ní igbó òrìṣà Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Susanne Wenger, ará Austria tó di àwòrò òrìṣà, ní èrò ńlá nípa ère. Àkànjí bíríkìlà ló mọ bí sìmẹ́ńtì ṣe ń dúró. Ta ni àgbà níbẹ̀, ta ni ọmọdé? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni òwe yìí ń sọ. Ẹni tó mọ ohun tí ẹnìkejì ò mọ̀, àgbà rẹ̀ ni lórí ohun yẹn. UNESCO fi igbó náà sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìpàdé tiwa. Ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá ti sọ ohun tó rò, á ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?" Ta ló máa dá a lóhùn pé ọ̀nà mìíràn wà? Ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í já àgbà nírọ́, kódà bí ó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà náà ò tọ̀nà. Ìwà rere ni, n kò bá a jà. Ọ̀gá ló yẹ kó mọ ọgbọ́n tó máa fi gbé ẹrù yẹn kúrò lórí ọmọṣẹ́. Nílé tí wọ́n ti mọ ìpàdé ṣe, àgbà pátápátá ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí ẹni tó dé kẹ́yìn sínú iṣẹ́ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá sì ní, "Ẹ dákun sà, mo ní èrò kan," ká jẹ́ kí ó sọ ọ́ parí kí a tó sọ ìdí tí kò fi ṣeé ṣe.

Àwọn kan á ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Àkísà àgbà wúlò púpọ̀: òun ló mọ ohun tí a ti dán wò tó kọ̀, òun ló mọ ẹni tó máa bínú bí a bá ṣe báyìí. Àmọ́ ìgbà tí èrò bá ti jáde tán ni a nílò rẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá gbé e síwájú, a ó ti pa èrò náà kí ó tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń ba iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe jẹ́ ju ìtìjú lọ: kí ọmọṣẹ́ mú èrò wá, kí ọ̀gá sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ga jù ú lọ ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ náà máa jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀; lẹ́yìn náà, á dákẹ́, á máa ṣe ohun tí a bá rán an nìkan. Ní Òṣogbo, iṣẹ́ Bùráímọ̀, iṣẹ́ Bùráímọ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okúndayé, tó bá ìran Òṣogbo náà gbé, tó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti batik lọ́fẹ̀ẹ́, ti fi hàn pé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ran láti ìran kan sí òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́, tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́, tí ẹ ń kọ́ ọmọ, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó polówó fún ẹni tó ní àtinúdá, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tan iná fún yín àti awakọ̀ yín ohun tí wọ́n ń ṣe bí iṣẹ́ bá parí. Ẹ fún wọn ní ohun èlò, ẹ fún wọn ní àkókò, kí ẹ sì fi orúkọ wọn sí iṣẹ́ wọn.