Ìlú Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Tẹ̀dó Nínú Géèmù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé òbí tó kọjá tí a kò lè parí, nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, ẹni tó ni gbọ̀ngàn sì ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ géèmù ni. Mo ṣèlérí pé n ó kọ èrò tèmi sínú ìwé ìròyìn wa. Òun nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọmọ náà ti yọ̀ǹda pé kí n sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kíláàsì mi ló wà. Bàbá rẹ̀ wọ yàrá rẹ̀ ní aago kan òru, ó bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n níbi tó ti ń yìnbọn nínú géèmù. Bàbá já wáyà, ó gbé àpótí géèmù náà, ó sì lọ tì í mọ́ inú bùútù ọkọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà kò ti wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa mọ́. Ó ní bí bàbá òun bá fẹ́ kí òun máa sọ Yorùbá, kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí òun ń fi èdè Jámánì sọ ná.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ní bàbá náà ṣe dáadáa. Àwọn kan tilẹ̀ dábàá pé kí a ṣe òfin pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ dárúkọ géèmù nínú kíláàsì. Èmi kò fọwọ́ sí òfin yẹn. Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi náà ti ṣe irú ohun tí bàbá yẹn ṣe rí. Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ojoojúmọ́ ni mo máa ń pariwo lé e lórí nítorí géèmù. Mo pe géèmù náà ní iṣẹ́ èṣù, mo pe òun náà ní ọ̀lẹ. Kò fèsì rárá. Nígbà tó kó lọ sí Hamburg láti lọ kàwé, oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi pè mí, àfi kí n pè é. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sí ìlú yìí mọ bí irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ẹ̀dá ò lè fi pàṣán lé ọmọ tó ti lọ padà wálé.

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá a. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ní, "Fi ohun tó o máa ń ṣe hàn mí." Ó wò mí bí ẹni tí kò gba etí rẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ló tan ẹ̀rọ.

Orúkọ géèmù náà ni Fallout 4. Ilé iṣẹ́ Bethesda ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Ìtàn rẹ̀ ni pé bọ́ǹbù átọ́míìkì run ayé ní ọdún 2077. Ní ọdún 2287, ẹnì kan jí nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti mú un sùn sínú yìnyín fún ohun tó lé ní igba ọdún. Ó jáde, ó sì bá Boston àti agbègbè rẹ̀ ní ahoro. Wọ́n ti jí ọmọ rẹ̀ gbé lọ, ọmọ náà ló sì ń wá kiri. Èmi tí mo wọkọ̀ láti Berlin wá wá ọmọ mi, mo gbọ́ èyí, mo dákẹ́.

Mo rò pé ìbọn nìkan ni n ó rí. Ìbọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ náà sì wà. Ṣùgbọ́n fún wákàtí méjì alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ mi kò yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlú ló ń kọ́. Ó ń tú àwókù ọkọ̀ àti igi tó wó, ó ń fi irin àti pákó inú wọn mọ ilé. Ó gbin àgbàdo. Ó ri ẹ̀rọ omi mọ́lẹ̀. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ kalẹ̀, ó fi iná rẹ̀ tan òpó rédíò, ìyẹn ló ń ké sí àwọn aláìnílé pé ibi kan wà tí wọ́n lè forí pamọ́ sí. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, omi gbọ́dọ̀ wà, ibùsùn gbọ́dọ̀ wà. Bí ibùsùn náà bá wà níta gbangba láìsí òrùlé, inú wọn kò ní dùn, géèmù náà sì ń ka ìdùnnú wọn láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Bí ìlú bá ní oúnjẹ àti omi ṣùgbọ́n tí kò ní ààbò tó tó o, àwọn jàǹdùkú á gbọ́ òórùn rẹ̀. Agogo kan tilẹ̀ wà tí ó máa ń lù, tí gbogbo ará ìlú á fi kóra jọ.

Mo bi í pé, "Ta ni baálẹ̀ ìlú yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi ni."

"Ta ló fi ọ́ jẹ?"

Kò rí ìdáhùn. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Ìbàdàn fún un.

Àwọn baba ńlá wa mọ bí ayé ṣe ń parẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun fọ́ ìlú Òwu, ó tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, Ọ̀yọ́ Ilé tó ti jẹ́ olú ìlú ilẹ̀ ọba ńlá sì di ahoro. Àwọn èèyàn ru ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè rù, wọ́n forí lé gúúsù. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá pàgọ́ sí Ìbàdàn, níbi tí ogun ti lé àwọn onílé kúrò. Àgọ́ ogun lásán ni. Ní ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ lọ sábẹ́ òkúta Olúmọ, wọ́n fi àpáta ṣe odi, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àwọn Òwu tí ìlú wọn ti parun wá bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò sọ ara wọn nù sínú ara wọn. Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùúrá àti Òwu ṣì ní ọba tiwọn ní Abẹ́òkúta títí di òní.

Ní Ìbàdàn, mo ní, wọn kì í ti inú ìdílé kan ṣoṣo mú olórí. Ẹni tó bá lè kó èèyàn jọ tó sì lè dáàbò bò wọ́n ni wọ́n ń gbé ga láti oyè kékeré dé oyè ńlá, àlejò pàápàá lè dìde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fi apá kejì pa mọ́ fún un: ẹrú pọ̀ nínú àwọn tó ń ro oko àwọn olóyè yẹn, àwọn tí wọ́n kó lójú ogun láti ìlú mìíràn.

Ọmọ mi dá géèmù náà dúró. Ó wo àwọn èèyàn inú rẹ̀ tí ó ti pín sí ìdí àgbàdo láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ní, "Màmá, àwọn tèmi yìí ńkọ́?" A kò sùn títí di aago méjì. Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti dá nǹkan dúró nítorí ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ. Yorùbá ni mo sì fi ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo rí ní alẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Ọmọ tó ń ronú nípa omi, oúnjẹ, òrùlé àti odi, ohun tí àwọn tó tẹ ìlú wa dó ronú lé lórí ló ń ronú lé lórí. Ilẹ̀ tí a ń gbé yìí pàápàá, orí àwókù ni wọ́n tún un kọ́ sí. Ní oṣù keje ọdún 1943, bọ́ǹbù pa èèyàn tó ju 30,000 lọ ní Hamburg. Ilé gogoro ìjọ Nikolai tó dá dúró láìní ṣọ́ọ̀ṣì nídìí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ìrántí. Òkè Teufelsberg tí àwọn ọmọ wa ń gùn ní Berlin, àwókù ilé tí ogun wó ni wọ́n kó jọ tó di òkè. Ahoro kì í ṣe àlọ́ ní ìlú yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlọ́ nílé wa.

Síbẹ̀, géèmù náà ní ohun tí kò ní. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń dé sí ìlú náà kò lórúkọ, orúkọ kan náà tó túmọ̀ sí "olùtẹ̀dó" ni gbogbo wọn ń jẹ́. Wọn kì í bímọ, nítorí náà kò sí ìsọmọlórúkọ. Kò sí ẹni tó ń ki ẹnikẹ́ni ní oríkì. Kò sí àgbà tí olórí gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún kó tó dá ilẹ̀. Ìlú tó ní odi tí kò ní àgbà, àgọ́ ló ṣì jẹ́. Ibi tí géèmù náà pin sí yìí gan-an ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ni mo fi tẹ́ páálí ńlá kan sórí tábìlì ní kíláàsì wa. Mo ní kí àwọn ọmọ tẹ ìlú kan dó sórí rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ohun tó ò bá lè fi Yorùbá dárúkọ, o kò lè yà á síbẹ̀. Láàárín wákàtí kan, wọ́n ti béèrè kànga, odi, àká, oríta, ahéré àti ojúbodè lọ́wọ́ mi. Wọ́n jà lórí ibi tí ọjà yóò wà. Wọ́n jà lórí bóyá kí a fún àlejò ní ilẹ̀ tàbí kí a kọ́kọ́ fi í wọ̀ sílé ẹnì kan. Ọmọbìnrin kan ní kò sí ìlú tí kò ní orúkọ, gbogbo wọn sì dìde láti wá orúkọ. Ọmọkùnrin kan sì wà tí kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ láti bí ọdún kan. Ọjọ́ yẹn ló pariwo pé, "Kànga tèmi ni, má fọwọ́ kàn án!" Mo yíjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Bí a bá ti ṣe òfin tí ẹ dábàá yẹn ni, n kò bá má gbọ́ gbólóhùn yẹn.

N kò sọ pé kí ẹ lọ ra Fallout 4 fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún o. Àjọ USK tó ń díwọ̀n géèmù ní Jámánì, tí ọ́fíìsì wọn wà níbí ní Berlin, fi 18 sí i, àmì pupa ni. Ẹ wo àmì yẹn kí ẹ tó sanwó, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ parọ́ fún yín pé gbogbo ọ̀rẹ́ òun ló ń ta á. Géèmù ìkọ́lé tí kò ní irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ wà, bíi Minecraft. Àsìkò tún wà fún ohun gbogbo: aago kan òru kì í ṣe aago géèmù fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé lówùúrọ̀. Nípa ọjọ́ orí àti nípa aago, bàbá yẹn jàre. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló kù díẹ̀ káàtó: ó gbé ẹ̀rọ lọ, kò sì jókòó. Ilé wá dákẹ́, ọmọ sì fi ìbínú géèmù kọ èdè baba rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti ọmọ yín fún wákàtí kan nídìí géèmù tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ẹ má wàásù. Ẹ fi Yorùbá béèrè: Kí lo ń kọ́? Níbo ni omi ti ń wá? Ta ni olórí, ta ló sì fi í jẹ? Bó bá fi èdè Jámánì dáhùn, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá béèrè òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú tiyín dó fún un. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ pe àgbà kan nílé lórí fóònù, kí ọmọ náà máa gbọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ wa yìí náà, àgọ́ ni. Gbọ̀ngàn àyágbé ni, Sátidé nìkan ni a ń rí i lò, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ a máa ń yọ àwòrán wa kúrò lára ògiri. Bí àwọn ọmọ kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀ tó jẹ́ tiwọn, wọ́n á tú ká, kò sì sí òpó rédíò tí yóò pè wọ́n padà.

Mo ti bá bàbá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò gbìyànjú. Àga ọmọ náà ṣì wà níwájú fèrèsé. A ó máa bá ìlú orí páálí náà lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, odi apá àríwá kò sì tíì ní ẹni tí yóò mọ ọ́n.

Ire o.

Olùkọ́ yín, kíláàsì àwọn ọ̀dọ́