Ẹ Ti Ilẹ̀kùn Fóònù Yín

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ìyàwó ilé bá ka ọ̀rọ̀ nípa oyún lórí ìkànnì kan lónìí, ìpolówó oyún lè yọjú lórí ìkànnì mìíràn lọ́la, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àna rẹ̀. Cookie wà lára ohun tó ń fà á. Lou Montulli ló ṣe é ní 1994 kí ìkànnì lè máa rántí ẹni tó wọlé. Àwọn apolówó wá ń fi í tọ ipasẹ̀ wa.

Lórí Chrome, mo máa ń tẹ àmì tó-tó mẹ́ta, kí n wọ Settings, kí n ṣí Privacy and security, kí n sì dí Third-party cookies. Firefox àti Safari ti ń dènà púpọ̀ nínú wọn fúnra wọn. Nínú Site settings, mo ń gba àyè Location àti Notifications lọ́wọ́ ìkànnì tí kò nílò wọn.

Ẹ má fi Incognito ṣe odi. Kì í tọ́jú ìtàn ìwákiri sórí fóònù, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa ṣì lè mọ ìkànnì tí a yà sí.

Àṣírí ìdílé tó bíbò.