Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Bí òwe yìí bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ilé-ìwé tó ń sé ọmọ mọ́ inú kíláàsì láti ọjọ́ ìwọlé títí di ọjọ́ ìdánwò, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń tọ́. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bóyá ó yẹ kí a máa kó ọmọ ilé-ìwé jáde lọ wo ayé. Ó yẹ. Ètò rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé lórí. Ní Ṣábẹ, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń kọ ní Savè, bí wọ́n bá ti dárúkọ ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń fi Faransé pè ní sortie, Ouidah tàbí Cotonou ló máa ń tètè wá síni lọ́kàn, ibi tó jìn tó nǹkan bí 250 kìlómítà. Ohun tí èmi ń sọ ni pé ilé-ìwé tí kò tíì lè kó ọmọ dé orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé, kó sì kó wọn padà ní pípé, kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti kó wọn sínú bọ́ọ̀sì lọ sí etí òkun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ewu wà. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn díẹ̀. Títì ńlá tó ti Cotonou wá, tó gba Bohicon, Ìdáàṣà àti Glazoué kó tó kan Ṣábẹ, tó sì kọjá lọ sí Parakou, òun kan náà ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Niger ń gbà tọ̀sán tòru. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì èrò kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan forí sọra nítòsí Ìdáàṣà, iná sọ, nǹkan bí 20 ènìyàn ló sì bá a lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, bọ́ọ̀sì mìíràn tó ń ti Lomé lọ sí Niamey já lóru sínú odò Ouémé ní agbègbè Glazoué, odò tó là wá láàárín pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wa yẹn. Àwọn tó kú lé ní 20. Kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ síbi ẹ̀kọ́ ló wà nínú ọkọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn náà ni ilé-ìwé Ṣábẹ máa ń gbà bó bá dorí kọ gúúsù. Ti ọmọ ilé-ìwé náà wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún 2017, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti Arusha já sínú ọ̀gbun ní Karatu; ọmọ 32 kú, pẹ̀lú olùkọ́ méjì àti awakọ̀. Ìdánwò àṣewò ni wọ́n ń lọ ṣe ní ilé-ìwé mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, ejò kọ́ ló pa ẹnikẹ́ni, òkúta orí òkè kọ́, ẹranko igbó kọ́. Ọ̀nà ni. Òbí tó ń bẹ̀rù ejò inú igbó, tí kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa táyà bọ́ọ̀sì, ibi tí ewu kò sí ló dojú kọ.

Ṣùgbọ́n ìpinnu tó ń pa ọmọ lójú ọ̀nà, inú ilé ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1993, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ láti ilé-ìwé kan ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sójú omi ní Lyme Bay nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí a ń fi àjẹ̀ wà. Olùkọ́ wọn wà pẹ̀lú wọn, àti olùdarí méjì tí ibùdó eré ìdárayá tí wọ́n lọ fi tì wọ́n. Ìrìn wákàtí díẹ̀ ni, láti etíkun kan sí èkejì tó wà nítòsí rẹ̀. Atẹ́gùn gbá wọn lọ sójú agbami, ọkọ̀ ń dojú dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ké pe àwọn aṣọ́kun. Ọmọ mẹ́rin kú. Ohun tó bani nínú jẹ́ jù lọ, ìwádìí ló tú u: ní ọdún tó ṣáájú, àwọn olùdarí méjì tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó náà ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá pé ètò ààbò ibẹ̀ kò dára, pé ẹ̀mí lè ti ibẹ̀ lọ. A jẹ́ pé ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀ kí atẹ́gùn tó fẹ́. Ilé-ẹjọ́ rán ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́wọ̀n, wọ́n sì ṣe òfin tuntun ní 1995 tó fi dandan lé e pé irú ibùdó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Thailand ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, nígbà tí bọ́ọ̀sì tó kó ọmọ ilé-ìwé lọ síbi ẹ̀kọ́ gbiná nítòsí Bangkok, tí ọmọ 20 àti olùkọ́ mẹ́ta jóná. Agolo gáàsì 11 ni wọ́n so mọ́ ọkọ̀ náà, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́fà ni ìwé gbà á láyè láti gbé. Kò sí olùkọ́ tó lè fi ìgboyà ṣàtúnṣe irú èyí nígbà tí iná ti sọ. Ní tiwa, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kpayo, epo bẹntiróò fàyàwọ́, rọ́pò agolo gáàsì, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Gbogbo wa la mọ iná tí irú epo bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ ní Sèmè-Kraké ní oṣù kẹsàn-án 2023.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ilé ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀, ilé náà ló yẹ kí a ti kọ́ bí a ṣe ń dènà rẹ̀, níbi tí àṣìṣe kò ti ní ná wa ní ẹ̀mí. Èyí ni mo fi ń pe àwọn olùkọ́ Ṣábẹ sórí òkè. Fífi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí òkè ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kò nílò bọ́ọ̀sì, kò nílò awakọ̀, ilé ìwòsàn ńlá agbègbè sì wà nínú ìlú bí ẹsẹ̀ ọmọ bá rọ́. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí ìrìn-àjò Ouidah yóò béèrè ló wà nínú rẹ̀ ní kékeré. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti lọ wo ọ̀nà ṣáájú: òkúta Ṣábẹ máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò, oyin a sì máa wà nínú pàlàpálá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn àgbà, nítorí àwọn ibì kan wà lórí òkè tí a kì í déédéé tẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọmọ tó ní ikọ́ fée àti èyí tí ń bẹ lórí oògùn, kó mọ ẹni tí yóò rìn ṣáájú àti ẹni tí yóò kẹ́yìn, kó sì dá wákàtí tí wọn yóò padà, kó má sì yẹ̀ ẹ́. Ilé-ìwé tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta láìsí wàhálà ti ní ohun tí kò sí nínú ìwé ètò kankan.

Wọ́n á ní àwọn ọmọ Ṣábẹ mọ òkè yẹn, pé abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, kí ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́ níbẹ̀? Ó dà bí ọ̀rọ̀ gidi, ṣùgbọ́n rírí yàtọ̀ sí mímọ̀. Ẹ bi ọmọ kíláàsì kẹfà bóyá ó mọ̀ pé inú ilẹ̀ ni òkúta gíráníìtì yẹn ti dì láti inú ohun gbígbóná tó yọ́, pé erùpẹ̀ tó bò ó ni òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn gbá lọ títí ó fi yọ sókè. Ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé lórí òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá rẹ̀ sá sí nígbà tí ogun Dàhòmì ń bọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun tó fọ́ Kétu ní 1886. Níbí ni mo ti rí àǹfààní tó pọ̀ jù lọ nínú bíbẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìtàn kan ṣoṣo ló so àwọn ibi tí a fẹ́ kó ọmọ lọ pọ̀: òkè Ṣábẹ ni ibi tí wọ́n sá sí, ààfin Abomey, tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1985, ni ibi tí àwọn ọba Dàhòmì ti ń pàṣẹ ogun, etí òkun Ouidah, níbi tí wọ́n kọ́ Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ sí ní 1995, ni wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀. (Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n kó ló dé etí òkun o, ọ̀pọ̀ ló parí sí oko ọ̀pẹ ní ilẹ̀ Dàhòmì, kí olùkọ́ má sì fi èyí pamọ́ fún ọmọ.) Ọmọ tó bá kọ́kọ́ dúró lórí òkè, tó wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀tá, ni ààfin Abomey yóò bá sọ̀rọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Èyí tó kàn ti Ṣábẹ sùn nínú bọ́ọ̀sì dé Ouidah yóò ya fọ́tò, yóò ra bisikíìtì, yóò padà. Ọ̀nà tó dáàbò bo ọmọ náà ló kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí mo mọ̀ pé yóò kọ àwọn àgbà kan lóminú. Kò sí ohun tó ṣe pàtàkì ju kíka orí ọmọ lọ: kí wọ́n tó kúrò, nígbà tí wọ́n bá dé, lẹ́yìn oúnjẹ, àti kí wọ́n tó padà wọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ àwa la ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀ náà, mo sì gbà pé ó ní ìdí: a kò fẹ́ kí ojú burúkú wọ agbo ọmọ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń bá wí níbẹ̀ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, tó jókòó sí ìta tó ń ṣírò ọmọ onílé. Ọmọ tí a fi síkàáwọ́ olùkọ́ ti kúrò ní ọmọ ọlọ́mọ fún ọjọ́ náà. Tirẹ̀ ni, ojú ni alákàn sì fi ń ṣọ́rí. Bí kíkà bá sì ṣì wuwo lẹ́nu, ẹ pe wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé, èyí tó tilẹ̀ dára jù, nítorí iye lè pé kó jẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé mìíràn ló bọ́ sáàárín yín. Àgbà kan fún ọmọ mẹ́wàá ni èmi yóò fi sí. Fún àwọn kéékèèké, kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn gbà pé kí ìjọba kúkú fòfin de gbogbo ìrìn-àjò ilé-ìwé, kí a sinmi. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ń bọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Sewol rì ní Kòríà Gúúsù ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2014, ènìyàn 304 kú, 250 nínú wọn sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan ṣoṣo tó ń lọ sí erékùṣù Jeju. Ìjọba dá ìrìn-àjò ilé-ìwé dúró fún ìyókù ìdajì ọdún ẹ̀kọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí. Ìdádúró náà kò pẹ́ tó fi dópin. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ọkọ̀ yẹn rì ni ẹrù tó pọ̀ jù tí a kò sì dì dáadáa, ohun tó sì pa àwọn ọmọ ni àṣẹ pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá nígbà tí omi ń wọlé. Òfin tó de ìrìn-àjò kò fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá sì ti olùkọ́ pa mọ́lé, àwọn ọmọ kò ní jókòó. Wọ́n á kó ara wọn lọ sí odò Ọ̀pàrá lọ́jọ́ ìsinmi, mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan, láìsí àgbà pẹ̀lú wọn.

Ti pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni, n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí pásítọ̀ gbàdúrà, kí ààfáà ṣe dúà, kí awakọ̀ sì ti sùn dáadáa lóru àná. Ti owó ló le díẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ní ìwé àyẹ̀wò, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó tirẹ̀, tó gbéra ní ìdájí tó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ju èyí tí a há ọmọ mọ́ lọ, wọ́n sì ju èyí tó ń fi òru rìn. Abomey ṣeé lọ ká sì padà lójúmọmọ. Ouidah kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ láìsáré. Ó ní láti jẹ́ ọjọ́ méjì, pẹ̀lú ibi tí wọn yóò sùn tí olùkọ́ ti lọ wò ṣáájú, àti òfin kan tí kò ní àyè àwàdà: ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ òkun. Ọmọ tó mọ Ọ̀pàrá kò mọ òkun. Ìgbì etí omi Benin máa ń fa àgbàlagbà lọ. Bí owó tí wọ́n dá kò bá tó ṣe é báyìí, owó náà kò tó Ouidah ni. Ó tó Ìdáàṣà, nǹkan bí 50 kìlómítà. Ó tó ilé-iṣẹ́ ṣúgà SUCOBE àti ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ láàárín ìlú, níbi tí ọmọ ti lè béèrè ìdí tí ojú irin tó dé Parakou ní 1936 kò fi gbé èrò mọ́.

Mo wá ń bẹ ẹ̀yin òbí tó wà nínú ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá tún ka owó ìrìn-àjò sí yín létí, ẹ má kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè iye tó jẹ́. Ẹ béèrè orúkọ awakọ̀ àti wákàtí tí yóò gbéra, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, kí ẹ fojú rí i, ẹ béèrè olùkọ́ tó ti débẹ̀ lọ wò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ìgbà tí ilé-ìwé náà gun òkè gbẹ̀yìn.