Ohun tó ń kọjá lórí òrùlé wa, ẹ jẹ́ ká yà á ní fọ́tò

Ní alẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, ìmọ́lẹ̀ funfun kan máa ń gba orí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ kọjá. Kì í ṣe gbogbo alẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wo òkè dáadáa yóò ti rí i. Kò ní ariwo. Kì í ṣẹ́jú bí iná ọkọ̀ òfurufú, kì í sì í dúró sójú kan bí ìràwọ̀. Á yọ ní apá kan, á la ojú ọ̀run kọjá láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́fà. Nígbà mìíràn á pòórá ní agbedeméjì, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ àtùpà pa.

Kì í ṣe àjẹ́. Ilé ni, èèyàn sì ń gbé inú rẹ̀. Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, Jàpáànù àti Kánádà ló pawọ́ pọ̀ kọ́ ọ. Ọdún 1998 ni wọ́n gbé apá àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ sókè, láti oṣù kọkànlá ọdún 2000 kò sì tíì sí ọjọ́ kan tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 109, ó tó pápá bọ́ọ̀lù. Ó ga sí wa tó nǹkan bíi kìlómítà 400, ìyẹn bí ọ̀nà Kútọnu sí Parakú. Ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì fi ń jẹ ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ yẹn, òun á rìn ín tán kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ìmọ́lẹ̀ tí à ń rí kì í ṣe iná tirẹ̀. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń ṣẹ́kù sórí àpáta nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí: oòrùn ti wọ̀ fún wa, kò tíì wọ̀ fún ohun tó wà lókè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kété tí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́, la máa ń rí i, tí a kì í rí i ní ọ̀gànjọ́ òru.

Ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ariwo WhatsApp. Ẹnì kan á rí iná tó tò tẹ̀léra lójú ọ̀run bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, á yà á ní fídíò, á fi ránṣẹ́ láìsọ ibi tó wà tàbí aago tó rí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fídíò náà á ti di àmì òpin ayé lọ́wọ́ ẹnì kan, á ti di ọkọ̀ ogun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, Starlink ni: àwọn sátẹ́láìtì tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tó wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 2023, tí àwọn oníṣòwò kan sì ń sanwó rẹ̀. Wọ́n máa ń jù wọ́n sílẹ̀ lókè lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á fọ́nká, wọn kò sì ní tàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni wá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ SpaceX fi 60 nínú wọn sókè lẹ́ẹ̀kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àwọn ará Netherlands náà figbe ta pé àwọn rí ọkọ̀ àjèjì láti ayé mìíràn. Ní ìlú Leiden lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Marco Langbroek kò figbe ta. Ó ti ṣírò ibi tí wọ́n máa gbà, ó gbé kámẹ́rà síta dè wọ́n, wọ́n sì kọjá lójú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fídíò rẹ̀ tàn káàkiri ayé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fídíò rẹ̀ àti ti WhatsApp wa kì í ṣe owó kámẹ́rà. Tirẹ̀ ní ibi, ó ní aago, ẹni tó yà á sì mọ ohun tó ń dúró dè.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà lè béèrè pé ṣé fọ́tò ojú ọ̀run á dá iná sábẹ́ ìkòkò ni. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: sátẹ́láìtì tó ń ṣiṣẹ́ lókè báyìí ti lé ní 10,000. Àwọn kan ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ń wo ojú ọjọ́ àti òjò, àwọn kan ń ṣe amí. Àwọn tó ni wọ́n kò bi ará Kétu léèrè kí wọ́n tó fi wọ́n gba orí Kétu. Ti amí wá burú jù, nítorí wọn kì í sọ ọ̀nà tó ń gbà. Ta ló wá lè fi aṣọ bo ojú ọ̀run?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ kan tí kò ní awakọ̀ sókè, X-37B lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà rẹ̀ pamọ́. Kò pé oṣù kan tí àwọn tó ń wo ọ̀run fún ìfẹ́ inú ara wọn fi rí i. Ọ̀kan nínú wọn ni Greg Roberts, tó ń gbé ní Cape Town. Áfíríkà ni Cape Town wà o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Ààrẹ Donald Trump gbé àwòrán ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan ti bàjẹ́ ní ilẹ̀ Ìráànì sórí Twitter, kò sọ ohun tó yà á. Langbroek kan náà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo òjìji inú àwòrán, wọ́n wo bí pèpéle róbótó ibẹ̀ ṣe fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi wé ọ̀nà àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n ti ń ṣọ́ látọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀: USA 224, sátẹ́láìtì amí. Èèyàn lásán ló ṣe é, nínú àgbàlá ilé rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ìyẹn jẹ́ ti àgbà, àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú Kettering ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú olùkọ́ físíìsì wọn Geoffrey Perry, fi rédíò tẹ́tí sí àwọn sátẹ́láìtì Soviet. Ní ọdún 1966 wọ́n fòye gbé e pé ibùdó kan wà tí wọ́n ti ń fi wọ́n ránṣẹ́, tí ìjọba Soviet kò tíì jẹ́wọ́ rẹ̀. Plesetsk ni ibẹ̀.

Kí ló dé tí ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa kò lè ṣe irú rẹ̀? Iná tí kò tó ní abúlé wa, tí à ń ráhùn lé lórí lójoojúmọ́, èrè ló jẹ́ níbí yìí: òkùnkùn wa dára ju ti Paris lọ fíìfíì. Ẹ̀yin olùkọ́ PCT, ẹ kó àwọn ọmọ jáde ní alẹ́ kan. Ẹ̀yin mẹ́ẹ̀rì wa, a kò ní kí ẹ kọ́ ilé ńlá. Owó àga àti àtíbàbà àpèjẹ kan tó ra awò awọ̀nàjíjìn kékeré fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan.

Kò tilẹ̀ tíì dé orí awò. Fóònù tó bá lè ṣí ojú kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 30 ti tó. Ẹ fi bíríkì tì í kó má mì, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ ka iye kó tó yà á, kí ìka yín má bàa gbọ̀n ọ́n. Ìlà funfun kan ni yóò yọ láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìkànnì Heavens-Above, àti Spot the Station ti NASA, máa sọ aago tó máa kọjá lórí ìlú yín, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lásìkò ọyẹ́, eruku kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan.

Àwọn tó bá ní awò ló ń rí apá àti ìyẹ́ ilé náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, ẹnjiníà ará Fáránsé kan, Thierry Legault, ya ọkọ̀ Atlantis àti awò Hubble tí ọkọ̀ náà lọ tún ṣe, bí wọ́n ṣe ń gba iwájú oòrùn kọjá. Èèyàn méje ló wà nínú Atlantis lọ́jọ́ náà. Nínú fọ́tò, ó dà bí eṣinṣin lórí àwo ńlá. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fílítà tí wọ́n ṣe fún oòrùn ló fi bo awò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má gbà kí ọmọ kankan fi awò tàbí kámẹ́rà kọjú sí oòrùn láìní irú rẹ̀, ojú tó bá jó nípa bẹ́ẹ̀ lè má ríran mọ́.

Ní tiwa, ojú ìwé yìí ṣí sílẹ̀ fún fọ́tò yín. Ẹ kọ orúkọ abúlé sí i, ọjọ́, aago, àti apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti yọ. Èyí tí kò bá ní ìwọ̀nyí, ì báà dán bí góòlù, a kò ní gbé e jáde.