Kí Ni Ìjọ Fi Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́ Rẹ̀?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìsìn ń lọ lọ́wọ́ ní ìjọ CAC Òkè Ìṣẹ́gun ní Eruku, ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọlé. Ẹ̀rọ tí ìjọ fi ń gbé ìsìn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò dákẹ́, ohun tó ká sílẹ̀ ni gbogbo ayé sì padà rí: ìró ìbọn, àwọn olùjọ́sìn tó ń wá abẹ́ àga wọ̀, àwọn agbébọn tó ń ṣa báàgì kiri láàárín àga. Ó kéré tán, ẹni méjì kú. Wọ́n kó èèyàn 38 wọ igbó lọ, àwọn tó sì mórí bọ́ sọ fún àwọn oníròyìn pé olùṣọ́àgùntàn wà lára wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà ni ìjọba kéde pé gbogbo àwọn 38 náà ti gba ìdáǹdè.

Oṣù tó ṣáájú oṣù Kọkànlá, ìyẹn oṣù Kẹwàá, ni àwọn ìjọ mìíràn ti ń gé kéèkì fún pásítọ̀ wọn báyìí láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1992 sí 1994 ni àwọn Kristẹni ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya oṣù Kẹwàá sọ́tọ̀ fún ìmọrírì àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹgbẹ́ Focus on the Family sì wà lára àwọn tó polongo rẹ̀ jù lọ. Àwọn ọmọ wa tó ń jọ́sìn lókè òkun ló gbé e wálé, fóònù ló sì bá wọn tàn án káàkiri. Pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ á wọ ankara kan náà, ìjọ á fún wọn ní àwo ìdánilọ́lá tí wọ́n fín orúkọ sí lára, akọrin á kọrin, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán.

Kéèkì kò burú. Inú ẹni tí wọ́n bá gé e fún á dùn, ìjọ náà á sì gbádùn ọjọ́ ìsinmi wọn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Èkìtì Kwara àti Oke-Ero, láti Eruku dé Osi, láti Koro dé Iloffa, gbèsè tí ìjọ jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n lè fi ọjọ́ kan san. Owó oṣù tó wọlé lásìkò ni, àti òrùlé ilé míṣọ́ọ̀nù tí kò jò, àti ohun tí wọn yóò máa jẹ nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá gbé wọn mọ́.

Àwọn kan á ti máa yínmú. Tí èèyàn bá dárúkọ pásítọ̀ lóde òní, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni bàálù àdáni, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń sáré tẹ̀ lé jíìpù, àti ọrẹ ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ìsìn kan ṣoṣo. Wọn ò purọ́, irú wọn wà. Ẹ̀dùn ọkàn ló jẹ́ pé àwọn wọ̀nyẹn ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé, nítorí wọ́n ti ba orúkọ jẹ mọ́ ẹni tí kò tiẹ̀ ní kẹ̀kẹ́. Katikísìtì tó ń bójú tó ìjọ kékeré méjì tàbí mẹ́ta, tó ń ti ibì kan gun ọ̀kadà dé ibòmíràn kí ìsìn kejì tó bẹ̀rẹ̀, kò sí nínú ẹjọ́ yẹn rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì láago márùn-ún ìdájí, àti ẹni tó ń tẹ dùùrù, àti àwọn ìyá tó ń fọ aṣọ pẹpẹ.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń gbé ìlú ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Láyé àtijọ́, owó táṣẹ́rẹ́ tí ìjọ ìgbèríko ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ. Ìlú á yọ̀ǹda ilẹ̀ fún un, á gbin iṣu àti àgbàdo, ìyàwó rẹ̀ á gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ ìjọ á gbé èlùbọ́ wá. Oko ló ń gbé owó oṣù náà ró. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba inú igbó kan, oko gan-an ti di ibi ẹ̀rù, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ò sì lè lọ kọjá ibi tí wọ́n ti ń gbóhùn ará ilé. Àlùfáà ò yàtọ̀ sí wọn. Oko ti lọ, owó oṣù ò kúrò níbi tó wà nígbà tí oko ṣì wà, síbẹ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ ń jókòó, wọ́n ń ka ìwé owó, kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tí bàbá yìí ń jẹ.

Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti oko nìkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Koro, wọ́n yìnbọn pa Onikoro, Ọba Segun Aremu, wọ́n sì gbé olorì lọ. Ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì ni ọba yìí. Bí wọ́n bá lè wọlé tọ ọ̀gágun lọ nínú ààfin, kí ni ilé míṣọ́ọ̀nù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ páànù àti àgádágodo kan? Lẹ́yìn ìkọlù Eruku, ìjọba Kwara ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Èkìtì, Oke-Ero, Ifelodun, Isin àti Irepodun. Wọ́n ní kí tíṣà máa lọ sílé. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń pè láti wá sin òkú, láti wá gbàdúrà ní ilé tí wọ́n ti gbé ọmọ lọ, tí ìdílé ń tọrọ owó ìràpadà káàkiri?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ àwọn ẹni kékeré wọ̀nyí kò já mọ́ nǹkan, kí ó wo Odo-Ọwa ní Oke-Ero. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Wòólì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1904. Apá tí gbogbo èèyàn mọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀: ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún iléeṣẹ́ PWD, ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lóṣù Kẹwàá ọdún 1928, ó gbọ́ ohùn, ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Oyè ní Iléṣà wáyé lóṣù Keje ọdún 1930. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lọ́dún 1932. Ó kú ní Ẹdẹ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n sin ín sí. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ìkẹ́jì-Arákejì lónìí.

Ìtàn bàbá rẹ̀ ni kò gbajúmọ̀. David Rótìmí ni Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì CMS ní Odo-Ọwa. Ẹ̀gbọ́n Babalọlá, M. O. Rótìmí, ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ CMS ní Iloffa, òun ló sì mú àbúrò rẹ̀ lọ sí Òtò-Àwórì lọ́nà Àgbádárìgì lọ́dún 1914, níbi tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ṣọ́ọ̀ṣì ìgbèríko mọ ohun tí Bàbá Ìjọ ń ṣe. Kì í gba owó oṣù. Bí atẹ́gùn bá ṣí páànù, òun ni wọ́n ń wá. Bí tọkọtaya bá ń jà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń kàn. Bí àlùfáà tuntun bá dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, òun ni yóò wá iṣu tí wọn yóò kọ́kọ́ sè. Wòólì tí gbogbo Áfíríkà mọ̀ ti ilé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde, ìwé tó kà sì ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ mìíràn wá.

Nígbà tí Babalọlá kọ́kọ́ padà sílé lẹ́yìn ìpè náà, eérú ló fi para, màrìwò ló so mọ́ra, ọ̀pọ̀ ará Odo-Ọwa sì gbà pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò yani lẹ́nu, ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn báyìí rántí bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbà á.

Ìjọ ti pẹ́ kó tó dúpẹ́ rí, tó fi di ohun ìtìjú. Wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tí wọn ò tó ọmọ rẹ̀ já iṣẹ́ rẹ̀ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí Odò Ọya, ó sì kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Ọdún 2014 ni Justin Welby, tó jẹ́ Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà, tọrọ àforíjì lórí ohun tí ìjọ ṣe fún un. Àwọn ọmọ ọmọ lè gba àforíjì yẹn. Bàbá fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ọ.

Fadá kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè, àwọn ará Osi ló sì yẹ kó máa sọ ìtàn náà jù. Dada Arẹ́ògún ará Osi, tó kú lọ́dún 1954, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ rẹ̀, George Bándélé, jogún iṣẹ́ náà. Láàárín ọdún 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll, òjíṣẹ́ Kátólíìkì ọmọ ẹgbẹ́ SMA, darí ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé ni ọ̀gá agbẹ́gilére níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Lamidi Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ṣọ́ọ̀ṣì: Màríà, Jósẹ́fù, àti àwọn amòye tó wọṣọ bí ọba Yorùbá. Carroll fún wọn níṣẹ́ tó yẹ ọwọ́ wọn. Nígbà tó sì kọ ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà, Yoruba Religious Carving, lọ́dún 1967, ó kọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti ọ̀gá tó kọ́ wọn. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ère Áfíríkà ló wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òyìnbó tí wọn ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní agbègbè yìí, ẹ ka mábù tó wà lára ògiri. Ẹ ó rí orúkọ bíṣọ́ọ̀bù tó wá ṣí ilé náà, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, bóyá ẹ ó sì rí ti àwọn àlùfáà ní tẹ̀ léǹtẹ̀ lé. Ṣé orúkọ katikísìtì wà níbẹ̀? Ẹni tó kọ́ akọrin fún ọgbọ̀n ọdún ńkọ́? Kí akọ̀wé ìjọ béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ àwọn àgbà kí àwọn àgbà náà tó kú tán. Iṣẹ́ yìí kò ní ná ìjọ ju owó bíró àti ìwé lọ.

Owó ni èyí tó kù máa ná, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi àdúrà bo ọ̀rọ̀ owó mọ́lẹ̀. Láti ọdún 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà. Kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń fún katikísìtì wọn tó ìdajì rẹ̀. Pọ́ọ̀lù pàápàá kọ ọ́ sí Tímótì nínú ìwé kìíní, orí karùn-ún, pé owó ọ̀yà tọ́ sí òṣìṣẹ́, àwọn àgbà ìjọ sì mọ ibi tí ẹsẹ náà wà. Ní ti ọjọ́ ogbó, láti ọdún 2019 ni àjọ PenCom ti ṣí ètò owó ìfẹ̀yìntì tó wà fún àwọn tí kò sí lábẹ́ agbanisíṣẹ́ ńlá, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà. Katikísìtì lè ní àkántì tirẹ̀ níbẹ̀, ìjọ lè máa dá ohun tí agbára rẹ̀ ká sí i lóṣooṣù, bí wọ́n bá sì gbé e lọ sí ìjọ mìíràn, owó rẹ̀ á bá a lọ.

Ó sàn kí ìdúpẹ́ gba inú ìwé owó ìjọ kọjá ju kí ó máa ti ọwọ́ olówó kan wá. Ẹni tó bá dá nìkan ra ọkọ̀ fún pásítọ̀ máa ń retí nǹkan, bí kò tilẹ̀ fẹnu sọ ọ́. Ọjọ́ tí ìwà rẹ̀ bá nílò ìbáwí ni pásítọ̀ yóò rántí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Èyí tí gbogbo ìjọ bá dá pọ̀ kò ní di ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ìjọ tó wà ní ìlú kan náà, CAC, Áńgílíkà, ECWA, Kátólíìkì, lè pa owó pọ̀ láti fi san àwọn ọdẹ àti fijilanté tó ń ṣọ́ wọn lóru, kí wọ́n sì ra iná oòrùn fún àyíká ilé míṣọ́ọ̀nù. Àwọn agbébọn ò béèrè orúkọ ìjọ kí wọ́n tó wọlé.

Ìyàwó àlùfáà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun ló ń gbàlejò, tó ń darí ẹgbẹ́ obìnrin, tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé owó kankan.

Ìkórè ni owó máa ń wọlé jù lọ fún ìjọ ìgbèríko. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, Ìlọrin, London àti Houston máa ń fi owó ránṣẹ́, ilé ìjọsìn tuntun tàbí ẹ̀rọ amóhùngbòòrò ló sì máa ń gba owó náà lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ìgbìmọ̀ Ìkórè tọdún yìí tó tẹ ìwé ìpè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ pe akápò ìjọ, kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan: oṣù mélòó la jẹ katikísìtì wa? Ẹ san ìyẹn ná.