Bí Ọmọ Yín Bá Ń Ya Àwòrán Lórí Fóònù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ń yà á sẹ́yìn ìwé ìṣirò, ó ń fi èédú yà á sára ògiri, bí fóònù bàbá rẹ̀ bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́, á fi ìka yà á síbẹ̀. Àwọn òbí kan á jágbe mọ́ ọn pé kó lọ kàwé. Àwọn mìíràn á gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí ìsinmi. Ti àkọ́kọ́ lè pa ẹ̀bùn ọmọ, ti ìkejì sì lè ba ọmọ fúnra rẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà kẹta wà: kí àwa òbí jókòó tì í, kí a sì tọ́ ọ sọ́nà.

Ṣé iṣẹ́ gidi ni?

Iṣẹ́ gidi ni. Olóògbé Akinola Lasekan, tí a bí ní 1916, fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n kọ́ àwòrán, ó sì di gbajúmọ̀ ayàwòrán nínú ìwé ìròyìn West African Pilot. Ti ayé òde òní náà kò jìnnà. Chidiebere Ibe, ọmọ Nàìjíríà, kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán ìṣègùn lórí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kejìlá 2021, àwòrán ọmọ inú oyún aláwọ̀ dúdú tó yà lọ káàkiri ayé. Osinachi fi Microsoft Word, èyí tí àwọn akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà, ya àwòrán títí tí ilé ìtajà Christie's ní Lọ́ńdọ̀n fi ta iṣẹ́ rẹ̀ ní 2021. Eré Iwájú tí Disney gbé jáde ní oṣù Kejì 2024, tó dá lórí ìlú Èkó, ilé iṣẹ́ Kugali ló bá wọn ṣe é. Ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Uganda kan ló dá Kugali sílẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní ń ṣe bánà ìsọjí wa, kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, àti ìwé ètò ìsìnkú? Ẹni tó mọ àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ni. Àwa tí a wà ní Bọ́lọ́rundúró, láàárín Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ: FUTA ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka Industrial Design, Adéyẹmí ní Oǹdó sì ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà.

Àwọn kan máa ń bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ ya àwòrán ènìyàn. Ère tí a ń bọ ni Ìwé Mímọ́ kọ̀. Bẹ́sálẹ́lì tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Ẹ́kísódù orí 31, oníṣẹ́ ọnà ni, Ọlọ́run ló sì fún un ní ọgbọ́n iṣẹ́ náà.

Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀

1. Ìwé àti pẹ́ńsù ni kó ṣáájú. Fóònù kì í kọ́ ojú ní wíwò. Ẹ gbé èso kókó kan síwájú ọmọ, kí ó wò ó dáadáa: ṣé ó gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ? Ilà mélòó ló wà lára rẹ̀? Apá wo ni ìmọ́lẹ̀ bà, apá wo ló ṣókùnkùn? Kí ó yà á. Lọ́jọ́ kejì, kí ó ya ìgò tàbí àga. Bí ẹ bá kọjá ní ọ̀nà Ìdànrè, ẹ jẹ́ kó ya àwọn òkè ibẹ̀.

2. Ẹ lo ohun tó wà nílé. Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Áàpù tó ń jẹ́ ibisPaint wà fún fóònù Android lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpolówó ọjà máa ń yọjú nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá wà nílé, Krita wà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ti gbà wọ́n sórí ẹ̀rọ, ọmọ lè yàwòrán láìsí dátà. Kálàmù onírọ́bà olówó pọ́ọ́kú náà wúlò, àmọ́ kò mọ ìgbà tí ọwọ́ ọmọ tẹ̀ ẹ́ líle tàbí rírọ̀. Pátákó ìyàwòrán tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tí ọmọ bá ti tẹra mọ́ ọn fún oṣù bíi mélòó kan.

3. Kí ó kọ́kọ́ mọ ohun mẹ́ta. Èkíní ni ìpele, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní layer. Ó dà bí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí a tò lé orí ara wọn. Ohun tí a bá nù lórí ọ̀kan kò ba ìkejì jẹ́. Èkejì ni bí a ṣe ń dá àṣìṣe padà. Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n ojú ìwé. Àwòrán tí a fẹ́ tẹ̀ sórí bébà A4, kí ó tó 2480 ní ìbú, 3508 ní gígùn, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pixel. Bí ó bá kéré púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè ṣú bàìbàì nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ jáde.

4. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyí. Kí ọmọ fi fóònù ya àwòrán kókó tó fi pẹ́ńsù yà. Kí ó gbé e sí ìpele ìsàlẹ̀, kí ó dín dídán rẹ̀ kù. Lórí ìpele kejì, kí ó fi ilà tẹ̀lé e. Kí ó wá fi ìpele kẹta sáàárín méjèèjì, kí ó fi àwọ̀ sí i níbẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan tó fún un.

Ohun tí a ó ṣọ́

Iṣẹ́ ilé ìwé àti iṣẹ́ ilé ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn bíi 20 ìṣẹ́jú, kí ọmọ gbé ojú kúrò, kí ó wo ibi tó jìnnà fún ìgbà díẹ̀. Pálọ̀ ni kí ó ti máa yà á, kì í ṣe inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ pa dátà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá fẹ́ fi àwòrán hàn síta, kí òbí fúnra rẹ̀ bá a fi í síta, láìsí orúkọ ọmọ, ilé ìwé rẹ̀ tàbí fọ́tò rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún un pé bí ẹni tí kò mọ̀ rí bá yìn ín tó sì ní kí ó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó wá sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ kò ní nà án.

Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú pé kí ó má fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Lónìí, ẹ̀rọ wà tí a ń sọ gbólóhùn kan fún tí yóò sì ya àwòrán jáde. Ọmọ tí ẹ̀rọ bá ń yà á fún kò tíì kọ́ nǹkan kan. Ẹni tí ń jẹ ọbẹ̀ lójoojúmọ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ mọ ọbẹ̀ sè.

Ẹnu wa náà ṣe pàtàkì. Tó bá gbé àwòrán wá, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sọ pé ti ọmọ lágbájá dára jù ú lọ. Ẹ ní, “Sọ ọ́ fún mi, kí lo yà síbí?” Ẹ tẹ́tí sí i. Ẹ fi ọ̀kan kọ́ sára ògiri pálọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó yà á sísàlẹ̀. Bí ọdún bá yípo, òun fúnra rẹ̀ á rí i bí ọwọ́ òun ti dára sí i.

Ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fi sára ọmọ kò ní kú mọ́ ọn lára.