Omi Mímọ́ Lójú Lè Ní Òjé Nínú

Ẹ̀yin Mùsùlùmí Ẹnuwá, bí àwọ̀, adùn àti òórùn omi kò bá yí padà, ó tọ́ fún àlùwàlá. Ṣùgbọ́n òjé kì í yí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, sísè kò sì lè lé e kúrò. Ní ọdún 2010, ní Sàmfárà, àwọn tí ń lọ òkúta góòlù nílé tú òjé sílẹ̀. Ó wọ ilẹ̀, ó wọ kàǹga, ó sì pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Wọ́n ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà, tí kò jìnnà sí Ifẹ̀. Dídáàbò bo ẹ̀mí sì wà nínú ètò Ṣẹ́ríà. Nítorí náà, kí jámáà kọ̀ọ̀kan dáwó jọ, kí wọ́n gbé omi kàǹga wọn lọ fún àyẹ̀wò òjé. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àwọn ọmọ wa, àmín.